Férémù Bàbá Ṣówùnmí

Ẹgbẹ̀ẹ́dógún àwòrán ló wà nínú fóònù mi,
wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀ bí ẹja odò tí a kò ju àwọ̀n sí:
páànù Ìjẹ̀mọ̀ tó ti dógùn-ún, lẹ́yìn òjò,
ewúrẹ́ kan tó sùn sórí àpáta tó ń jó fófó,
ojú irin Láfẹ́nwá nígbà tí ìrì ò tíì gbẹ.
Kì í ṣe iṣẹ́ mi. Mítà omi ni mò ń kà fún ìjọba.
Ìbídùnní ìyàwó mi ní:
“Ẹ bá mi tẹ ẹyọ kan jáde,
kí n lè mọ ohun tó ń jẹ dátà wa.”

Yíyà kò le. Yíyàn ló le.
Mo pa igba rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú,
bí àgbẹ̀ tó ń fa àgbàdo tó hù pọ̀ jù tu.
Ó wá ku Bàbá Ṣówùnmí
tí ń tún agboòrùn ṣe lẹ́sẹ̀ afárá:
okùn lẹ́nu, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́,
agboòrùn dúdú kan là sẹ́yìn rẹ̀ bí àdán tó na apá.

Ní Sápọ́n, Mulíkátù bi mí: “Dídán ni àbí èyí tí kò dán?”
Mo ní èyí tí kò dán.
Ojú ẹni tó ń wòran ni bébà dídán máa ń fi hàn.
Ẹ̀rọ ń pọ̀ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀,
fìlà kọ́kọ́ yọ, iwájú orí tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ojú,
bí ẹni tó ń gun òkè bọ̀ wá bá wa.
Ó ṣókùnkùn ju bó ṣe rí nínú fóònù lọ.
Mulíkátù ní: “Bébà kì í tan iná, ẹ̀gbọ́n.
Òun gan-an ni wọ́n ń tan iná fún.”
A tún un tẹ̀. Mo tún san owó.

Ṣógúnlé káfíńtà, ní Ìjàyè,
ló fi ìrókò tó ṣẹ́ kù lára ilẹ̀kùn ẹlòmíràn kan férémù.
Ó fi páálí funfun yí àwòrán ká,
ó ní ojú ń fẹ́ àgbàlá kékeré kó tó wọlé.
Ìṣó mẹ́rìnlá. Mo kà wọ́n.

Mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo gbé e lọ sẹ́sẹ̀ afárá.
Bàbá tú u. Ó wò ó títí.
Ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí itan.
“Ta ló sọ fún ọ pé mo ti kú?”
Rélùwéè ń kọjá. Mi ò rí nǹkan kan sọ.
“Nílé tiwa, ẹni tí a bá gbé kọ́ ògiri, a ti gbé e sin.”
Mo ní ó dáa, kí n máa gbé e lọ.
Ó di férémù mú gírígírí.
“Ta ló ní kí o gbé igi lọ?”

Abẹ́rẹ́ agboòrùn ló fi hú ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá.
Ó ká ara rẹ̀ bí ẹní, ó fà á lé mi lọ́wọ́,
ó wá mú àfọ́kù dígí tó fi ń fá irùngbọ̀n,
ó tì í sẹ́yìn gíláàsì, láàárín páálí funfun,
ó kan ìṣó padà.
Ó wò ó, eyín rẹ̀ yọ.
“Eléyìí dáa. Eléyìí ń ṣẹ́jú.”

Inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wa ni Ìbídùnní lẹ àwòrán náà mọ́;
igun òsì rẹ̀ ti ń ká sókè.
Lánàá mo gbé agboòrùn tó ṣẹ́ lọ fún Bàbá.
Nínú férémù, mo rí ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn,
páànù pupa Láfẹ́nwá tò sẹ́yìn rẹ̀ títí dé odò.
Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi kámẹ́rà
kí Bàbá tó fi abẹ abẹ́ ìgbàgbọ́n rẹ̀ nà sí mi, fóòmù funfun ní ẹ̀kẹ́:
“Sún sẹ́yìn. O ń dí mi lójú.”